Ìpè Orúkọ Àárọ̀ Sátidé

"Philena, má ya wèrè o," Orpha ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ kẹ́lẹ́ sí i létí. "Tí wọ́n bá pè ọ́, sọ pé ọwọ́ rẹ mọ́, kí o jókòó. Ta ló rí wa?"

Philena tẹjú mọ́ iwájú gbọ̀ngàn. Bàbá rẹ̀, Dókítà Wilmarth, àlùfáà Mẹ́tọ́díìsì àti ààrẹ yunifásítì kékeré yìí ní Ohio, ló ń pe orúkọ níwájú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́. Ní gbogbo Sátidé, ìwọ fúnra rẹ ni wàá dìde sọ bóyá o rú òfin láàárín ọ̀sẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ẹnikẹ́ni. Bàbá yìí ló gbé ètò náà kalẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì lè yí i lọ́kàn padà lórí ẹ̀.

Ijó ni wọ́n kórìíra jù níbẹ̀. Ẹni tó bá jó, ilé ló ń lọ, ó di ọdún tó ń bọ̀. Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, níbi ìgbéyàwó kan lóko àwọn Tuttle, wọ́n ta gòjé, ẹsẹ̀ Philena ò sì gbọ́ràn mọ́. Bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù kó gba oyè, òun sì ni ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fún níbẹ̀.

"Philena Wilmarth."

Ó dìde. Bàbá ò gbójú kúrò nínú ìwé. Irọ́ náà ti wà lẹ́nu Philena.

"Mo jó, sà. Lọ́jọ́bọ̀."

Bàbá mú kálàmù rẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀kan?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, sà. Títí okùn gòjé fi já."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó yára gbé e mì. Bàbá kọ ọ́ sílẹ̀. "O mọ òfin. Oyè rẹ di ọdún tó ń bọ̀. Orpha Yarnell."

Orpha wo ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Èmi náà jó, sà," ló sọ, ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde.

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, bàbá fa bébà kan yọ lápò, ó ní kí Philena kà á. Lẹ́tà tí yóò fi fipò ààrẹ sílẹ̀ ni, ó ti buwọ́ lù ú.

"Mo gun ẹṣin kọjá lóko Tuttle lọ́jọ́ náà," ó ní. "Mo rí ọ. Ká ní o purọ́ lónìí, ojú wo ni mo fẹ́ fi pe orúkọ ọmọ ẹlòmíì?"

"Bàbá, kí ló dé tẹ́ ò bi mí nílé?"

"Tí mo bá bi ọ́, ẹ̀rù mi tó ń bà ọ́ ló máa sọ̀rọ̀, kì í ṣe ìwọ."

Ó ya bébà náà. Philena sunkún, torí ọdún kan gbáko dùn ún wọra. Ṣùgbọ́n ọdún kan ni ìyà òótọ́, ó sì tán lọ́jọ́ tí òun àti Orpha jọ gba oyè. Kò mọ ìgbà tí ìyà irọ́ náà ì bá tán.