Ìbúra Tí Lọ́yà Morákinyọ̀ Fi Ṣeré

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ tí o rò pé Ọlọ́run kì í tètè bínú, dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí.

Morákinyọ̀ ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ti ṣe sójà rí, ọta ìbọn kò bà á lẹ́rù. Nígbà tó kúrò níṣẹ́ ológun, ó di lọ́yà, lẹ́yìn náà ó bọ́ sínú òṣèlú. Ẹnu rẹ̀ dùn, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Oko kòkó kan wà lọ́nà Ẹmùré, tí ọkọ opó kan tó ń jẹ́ Àrínọlá fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wọn. Oko náà wọ Morákinyọ̀ lójú. Ó gbé opó lọ sí kóòtù, ó sì bẹ Bámijókò, àgbà àgbẹ̀ kan, kó wá jẹ́rìí èké pé ti òun lọ́yà ni oko náà. Ẹ̀rù ń ba bàbá láti búra, ni lọ́yà bá rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ẹ má fi irin búra. Ẹ ní Kristẹni ni yín, kí ẹ fi Bíbélì búra. Ògún kì í ní sùúrù, Ọlọ́run ní."

Ẹ wo ọgbọ́n òdì! Bámijókò búra, opó pàdánù oko. Inú eruku ẹ̀yìn kóòtù ló jókòó sí, tó ń sunkún.

Ìbò tí Morákinyọ̀ ń du ipò nínú rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà tí Bámijókò dùbúlẹ̀ àìsàn. Lọ́yà lọ kí i, bàbá sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Lọ́yà, mo fẹ́ gbàdúrà, ẹnu mi wúwo. Èmi tí mo fi Bíbélì gba ilẹ̀ opó, ṣé Ọlọ́run á gbà mí?"

Lọ́yà wo aago rẹ̀, ó sì fa ọwọ́ rẹ̀ yọ. Ó lọ sí ìpàdé òṣèlú. Nígbà tó padà wá lọ́jọ́ kejì, bàbá ti kú.

Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ kò lọ lọ́fun Morákinyọ̀ mọ́. Ó tọ Olúmúyìwá lọ, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà sójà, tó ti di tíṣà àti ọmọlẹ́yìn Kristi.

"Ṣé èmi ni mo ti bàbá yẹn sí ọ̀run àpáàdì?"

"N kò mọ ibi tó wà," ni Olúmúyìwá wí. "Ibi tí ìwọ wà ni mo mọ̀. Jésù kú fún irú wa. Ṣùgbọ́n o kò lè di oko opó mú kí o tún máa na ọwọ́ sí Jésù."

Ni Morákinyọ̀ bá bú sẹ́kún, ó ké pe Jésù. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú Àrínọlá. Ó dá oko padà, ó sì lọ jẹ́wọ́ ní kóòtù. Ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àwọn olùdíje, àwọn aláṣẹ lọ́yà sì lè gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Títí di òní, Àrínọlá kò tíì lè sọ pé òun dárí jì í. Ó dun Morákinyọ̀ púpọ̀. Àmọ́ ó ń jẹun, ó sì ń gbàdúrà.

Ìwọ tí ò ń kà á, irọ́ wo lo fi orúkọ Ọlọ́run bò? Sùúrù rẹ̀ ni o fi wà láàyè títí di ìsinsìnyí. Bámijókò bèèrè, kò rí ẹni dá a lóhùn. Èmi ń dá ọ lóhùn: Ọlọ́run yóò gbà ọ́. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà, kí o sì ké pè é lónìí.