Adé Tó Ń Gbá Ọkàn

Adé náà tún ké. Ohùn ọmọbìnrin tí wọ́n gbà sílẹ̀ sínú rẹ̀ rọra sọ létí Ìyá Àgbà Àwẹ̀ró pé, "Ọkàn yín ti rìn lọ. Ẹ padà sí èémí yín."

"Ibo ló rìn lọ?" Ìyá Àgbà jágbe mọ́ ọn. "Ìwọ tí o kò ní bàbá, tí o kò ní ìyá, ìwọ lo fẹ́ sọ ibi tí ọkàn mi lọ fún mi? Ó lọ sí Ìgbájọ, ó lọ wo àbúrò mi. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

"Ọkàn yín ti rìn lọ," ni adé wí, bí ẹni tí èébú kò ràn. "Ẹ padà sí èémí yín."

Ìyá Àgbà ṣí i kúrò lórí, ó sọ ọ́ sórí àga, ó sì pòṣé gígùn kan.

Lásìkò tí à ń wí yìí, àwọn ọmọ Yorùbá ti tẹ̀dó sórí Ìràwọ̀ Pupa. Abẹ́-Igbá ni wọ́n ń pe ìlú wọn, nítorí pé igbá gíláàsì ńlá kan ni wọ́n dé bò ó kí afẹ́fẹ́ má baà sá lọ. Ọdún méjì méjì ni ọkọ̀ òfuurufú ń gbéra níbẹ̀ lọ sí ilé ayé. Ọ̀nà náà jìn, nítorí náà wọ́n á fi òtútù kun àwọn arìnrìn-àjò lóorun títí ọkọ̀ yóò fi gúnlẹ̀. Ara á sùn, ṣùgbọ́n ọkàn kì í tètè gbà láti sùn. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá ń sáré kiri nínú òtútù yẹn lè má jí mọ́. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fi ṣe Adé Ìfarabalẹ̀, tó ń kọ́ ènìyàn ní wíwo-èémí: kí a jókòó jẹ́ẹ́, kí a máa wo bí èémí ṣe ń wọlé, bó ṣe ń jáde. Bí ọkàn bá ti rọlẹ̀ dáadáa, iná iwájú adé á di àwọ̀ ewé. Ẹni tí iná rẹ̀ kò bá dà bí ewé kò ní wọ ọkọ̀.

Ìyá Àgbà sì gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀. Àríkẹ́ àbúrò rẹ̀ ni ìyá kan náà bí tẹ̀ lé e. Ìgbàgbé ti mú Àríkẹ́ ní Ìgbájọ nílé ayé débi pé kò mọ àwọn ọmọ tó bí mọ́, kò sì jẹun. Láti kékeré, bí ó bá kọ oúnjẹ, oríkì ilé wọn ni Àwẹ̀ró ń kì fún un tí orí rẹ̀ fi ń wú, tí yóò sì la ẹnu. Wọ́n ti fi ohùn Àwẹ̀ró ránṣẹ́ sí i nínú ẹ̀rọ rí, Àríkẹ́ ní òkú ló ń pe òun, ó fi aṣọ borí. Nínú gbogbo ẹbí, Àwẹ̀ró nìkan ló kù tó mọ oríkì náà délẹ̀.

Iyùnadé, ọmọ ọmọ rẹ̀, tó wà lára àwọn dókítà tó ṣe adé yìí, wọlé, ó sì rí adé lórí àga.

"Ìyá Àgbà, ẹ tún ti ṣí i."

"Mo ṣí i. Kó máa bá àga wíjọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà. Ohun tí mo sọ lánàá ńkọ́? Mo ní kí ẹ ṣe bí ẹni tó jókòó sí ìloro ilé. Ohun tó bá wá sí yín lọ́kàn, ẹ kà á sí ẹni tó ń kọjá lọ lójú títì. Ẹ kí i, kí ẹ sì jẹ́ kó máa lọ."

"Mo kí i."

"Ẹ sì jẹ́ kó lọ?"

"Báwo ló ṣe máa lọ? Bàbá Adéògún, àbúrò bàbá mi, ló kọ́kọ́ kọjá. Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ kú àárọ̀ sà. Mo béèrè ìyàwó. Ìyàwó wo? Méjì ló ní! Mo wá béèrè ìyálé, mo béèrè ìyàwó kékeré, mo béèrè àwọn ọmọ níkọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ la ti dórí ilẹ̀ tí wọ́n jà sí nígbà náà lọ́hùn-ún. A ò tíì parí rẹ̀ tí ìyálé fúnra rẹ̀ fi yọ lókèèrè, tó gbé garawa."

Iyùnadé fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú. "Ìyá Àgbà! Ẹ kí wọn ní ṣókí!"

"Kí n kí àgbà ní ṣókí? Ta ló kọ́ ẹ nílé?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Ó dáa tó o mọ̀. Gbé adé ẹ wá."

Báyìí ni wọ́n ń bá a yí. Adé á ké, Ìyá Àgbà á bú u, Iyùnadé á bẹ̀bẹ̀ títí ọ̀fun rẹ̀ á gbẹ. Inú ń bí àwọn méjèèjì, ọjọ́ ọkọ̀ sì ń sún mọ́lé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìrìn-àjò, ohun kan ṣẹlẹ̀. Bàbá Adéògún tún kọjá lọ́kàn Ìyá Àgbà. Ó wò ó, ó tẹ orí ba fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó sì padà sídìí èémí rẹ̀. Bàbá náà rẹ́rìn-ín padà, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Kò bínú rárá. Iná adé ta ewé fìrí, ó sì kú.

"Iyùn! Mo ti rí ọgbọ́n ẹ̀! Wọn kì í bínú! Jẹ́ kí n máa bá a bọ̀ díẹ̀díẹ̀."

"Díẹ̀díẹ̀ kẹ̀, Ìyá Àgbà? Ọ̀la ni! Bí ọkọ̀ bá lọ, ọdún méjì gbáko ni. Ṣé Màmá Àríkẹ́ máa dúró dè yín?"



Bọ́tìnnì kan wà lára adé tí wọ́n ń pè ní Ìgbálẹ̀. Àwọn tí ikú òjijì ṣojú wọn nínú ihò kùsà ni wọ́n ṣe é fún. Ohun tó bá ń kọjá lọ́kàn lemọ́lemọ́ ló ń gbá dànù. Iyùnadé mọ̀ pé wọn kì í lò ó fún arúgbó. Ṣùgbọ́n ó ti sú u. Ó sọ fún Ìyá Àgbà pé ariwo lásán ni yóò gbá.

"Ṣé ó máa dùn mí?"

"Rárá, mà."

"Ṣé màá rí Àríkẹ́?"

"Ẹ máa rí i."

"Tẹ̀ ẹ́, jàre."

Kò pẹ́ tí iná fi di àwọ̀ ewé, kò sì ṣẹ́jú. Iyùnadé fò sókè fún ayọ̀.

Nígbà tí Ìyá Àgbà àti Iyùnadé dé Ìgbájọ, Àríkẹ́ wà lórí ibùsùn, ó ti rù hangogo. Ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé ṣíbí ẹ̀kọ gbígbóná sí i lẹ́nu, kò la ẹnu. Ìyá Àgbà jókòó tì í. Àríkẹ́ wo ojú rẹ̀, ó wò ó títí.

"Ọmọ a-sun-iṣu-dúró-de-àlejò," ni Àríkẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ oríkì ilé wọn, ó sì dúró, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbè é.

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín sí i. Èémí wọlé, èémí jáde. Ìloro dá páropáro. Kò sí bàbá, kò sí ìyá, kò sí ẹnikẹ́ni tó ń kọjá.

"Ìyá Àgbà," Iyùnadé sọ lábẹ́lẹ̀, "ẹ gbè é. Ẹ dá a lóhùn."

"Kí ni kí n gbè?"

Iyùnadé wólẹ̀ sórí eékún. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bú mi! Ẹ béèrè ilé tí mo ti wá! Ẹ bínú sí mi!"

Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ lé e léjìká. "Rọra," ni ó wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Padà sí èémí rẹ."

Àríkẹ́ tún gbé oríkì náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì dẹ etí. Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò gbè é, ó pa ẹnu dé mọ́ ṣíbí, ó sì kọjú sí ògiri.