Àlejò Ilé Onígàárì

Láyé ìgbà tí ìlú méjì ń bá ara wọn jagun, tó jẹ́ pé odò kan ló là wọ́n, àwọn àgbà ìlú méjèèjì fẹnu kò pé kí ọfà wà nínú apó títí ìsinmi ìparí ọdún yóò fi tán. Wọ́n ṣí ẹnubodè láàárọ̀ ọjọ́ tí ìsinmi náà bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹlẹ́ṣin wọlé nínú ẹ̀wù àrán, àwọn oníṣòwò tó ti há sí òdìkejì odò sáré wálé, àwọn ìyàwó tí kò gbúròó ọkọ wọn látọjọ́ dúró lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń wojú èèyàn. Inú ìlú dùn, àmọ́ mi ò ní parọ́ fún yín, kò sẹ́ni tó sun àsùnwọra. Ta ló mọ ẹni tó gbé ọ̀bẹ sábẹ́ aṣọ?

Obìnrin kan wà tó ń ran gàárì ẹṣin, onígàárì ni wọ́n ń pè é, kò bá wọn lọ sẹ́nubodè. Bí ìsinmi bá ti dé, inú ìsọ̀ bàbá rẹ̀ tó ti kú ló máa ń jókòó sí, níwájú ààfin, á nu òòlù, á pọ́n abẹ, á fi òróró pa awọ tó ń gbẹ, á sì máa bá olóògbé sọ̀rọ̀. Gbogbo ayé ló ní obìnrin kì í ran gàárì. Bàbá náà ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀, ó sì ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Iṣẹ́ yẹn ló ń bọ́ ọ dòní, ó sì ń dúpẹ́ rẹ̀.

Ohun kan ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Nígbà tó wà ní kékeré, bàbá yìí lọ, kò sì tètè dé. Ìgbà tó dé, ó ní òun bá àwọn oníṣòwò rìnrìn àjò ọ̀nà jíjìn ni, bẹ́ẹ̀ kò mú ọjà kankan bọ̀. Àwọn ará àdúgbò ní obìnrin ló dá a dúró. Ìyá rẹ̀ gbọ́, ó dákẹ́, ó sì dákẹ́ bẹ́ẹ̀ títí ó fi kú.

Bó ṣe ń pọ́n abẹ lọ́wọ́ ni ọkùnrin kan ṣíji bo ẹnu ọ̀nà. Gàárì tuntun wà léjìká rẹ̀. Ó tẹríba.

"Ẹ kú ìsinmi o, ẹ̀gbọ́n. Láti òdìkejì odò ni mo ti wá. Mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá ni, ẹnubodè ni mo ti wá gbọ́ pé wọ́n ti kú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wọn gba gàárì yìí."

Onígàárì dojú gàárì náà dé. Ńṣe ni wọ́n di kókó okùn tí wọ́n fi parí rírán sínú abẹ́ ìjókòó, kó má baà ha ẹṣin lára. Kò sẹ́ni tó ń dì í bẹ́ẹ̀ àfi bàbá rẹ̀, bàbá náà sì ti ní ọmọ òun nìkan lòun máa fi í hàn.

Àbúrò bàbá rẹ̀, tó ń pa ẹ̀pà jẹ ní kọ̀rọ̀, fà á sẹ́yìn. "Ṣé o gbọ́ ohun tó pè ẹ́? Ẹ̀gbọ́n. Wo imú ẹ̀ dáadáa. Ilé ló wá pín."

"Bàbá kékeré, ẹ rọra."

"Kí n rọra? Tá a bá rọra tán, ibo la máa sùn?"

Ẹni tó bá ń wá imú á kúkú rí imú. Onígàárì wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, lójú tiẹ̀, ó jọ ti bàbá lóòótọ́.

"Ta ni ìyá ẹ sí bàbá mi?" Bó ṣe bi í nìyẹn, láìdọ́gbọ́n sí i.

Ọkùnrin náà wo bàbá kékeré. "Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ ní àwa méjì."

Ìyẹn gan-an ló tún dá kún ìfura. Wọ́n bọ́ sẹ́yìn awọ tí wọ́n sá, onígàárì ò sì gbé abẹ sílẹ̀.

"Wọn kì í ṣe bàbá mi," ọkùnrin náà rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá mi ló ra bàbá yín lẹ́rú. Ojú ọ̀nà ni àwọn ajínigbé ti mú wọn, tí wọ́n wá tà wọ́n fún wa. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ olówó wọn, èmi ni mo ń gbé omi fún wọn, àwọn náà wá ń kọ́ mi níṣẹ́. Ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ jẹ ọrùn ẹsẹ̀ wọn òsì, kò sí bí mo ṣe fẹ́ wò ó mọ́. Mo ṣí ilẹ̀kùn fún wọn."

Abẹ bọ́. Onígàárì ló wẹ bàbá náà nígbà àìsàn, òun nìkan ló rí àpá tó yí ọrùn ẹsẹ̀ náà ká. Bàbá ní iná ló jó òun. Ojú ara rẹ̀ tì í, torí láti kékeré ló ti fi ọkàn dá bàbá lẹ́bi, tó ń dúpẹ́ rẹ̀ lẹ́nu.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí ariwo fi sọ lójú ọ̀nà. Ọfà kan ti òdìkejì odò wá, ó ti pa ẹ̀ṣọ́ kan. Àdéhùn ìsinmi ti bàjẹ́. Olórí ẹ̀ṣọ́ yọ síwájú ìsọ̀, àwọn ọmọ ogun wà lẹ́yìn rẹ̀, èrò sì tẹ̀ lé wọn.

"Onígàárì, ẹ kú ìsinmi."

"Olórí Ẹ̀ṣọ́, ẹ kú iṣẹ́ ìlú."

"Wọ́n ní àlejò wà lọ́dọ̀ yín. Ààfin ti pàṣẹ. Gbogbo ẹni tó bá ti òdìkejì wá, a máa mú un tà, àfi tó bá ní ẹbí níbí. Ọ̀rẹ́ nìkan ò tó o. Ẹni tí ẹ bá sì pè ní ẹbí lónìí, ẹbí yín ni títí láé, ẹ jọ máa pín ohun tí ẹ ní."

"A ò mọ̀ ọ́n rí," bàbá kékeré ti dáhùn.

Tí ọkùnrin náà bá sọ òtítọ́, kò ní gbà á sílẹ̀, ṣùgbọ́n á ba orúkọ olóògbé jẹ́, onígàárì á sì pàdánù ìsọ̀ rẹ̀, torí ọmọ ẹrú kì í ní ìsọ̀ níwájú ààfin. Ó kàn na ọwọ́ méjèèjì síwájú kí wọ́n dè é.

"Ẹ má dè é," onígàárì sọ. "Ọmọ bàbá mi ni. Àbúrò mi ni."

Èrò bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní, "Bàbá onígàárì, èèyàn jẹ́jẹ́!" Òmíràn ní ìrìn àjò yẹn mà lérè o. Bàbá kékeré fẹsẹ̀ janlẹ̀, ó ní òun ti wí. Onígàárì dúró sáàárín wọn, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń bẹ òkú nínú ọkàn rẹ̀: bàbá, ẹ má bínú, nílùú yìí, orúkọ alágbèrè sàn fún yín ju orúkọ ẹrú lọ.

Ó pín ilé sí méjì bí òfin ṣe wí. Ogun yẹn jà títí wọ́n fi jó ìlú tó wà lódìkejì odò kanlẹ̀, ọkùnrin náà ò sì rílé padà sí mọ́. Ó ran gàárì títí ó fi darúgbó, ọmọ bàbá onígàárì ni gbogbo ìlú ń pè é, ó sì ń jẹ́ ẹ. Nígbà tó ń kú lọ, ó ní kí wọ́n sin òun síbi ẹsẹ̀ bàbá.