Oje Tó Gbẹ Lábẹ́ Ibòji

Ọkùnrin tó ń gun àpáta bọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn wọ ṣòkòtò funfun, ó gbé bàtà lọ́wọ́, ó sì ń fi ẹsẹ̀ lásán tọ́ òkúta gbígbóná wò bí ẹni tó ń wọ odò tí kò mọ̀. Awawou, tó ń tẹ́ oje igi kajú sórí àtẹ lábẹ́ igi, ní láti fi etí gèlè bo ẹnu kí ẹ̀rín má bàa bọ́.

Ọdún kejì òmìnira Dahomey ni, nígbà tí gbogbo nǹkan ṣì ń rùn bí ọ̀dà tuntun. Dieudonné lorúkọ ọkùnrin náà, ọmọ Pọ́bẹ̀, nọ́ọ̀sì tí ìjọba gbé wá sí Ṣábẹ̀ẹ́. Dókítà ni gbogbo ìlú ń pè é. Àwọn ọmọdé tí ibà ń ṣe ń tu kínínì dànù nítorí ìkorò. Ó ti kà á pé bí èèyàn bá fi oje igi bo oògùn, ahọ́n kò ní mọ̀ ọ́n, inú ikùn ni yóò ti tú. Ó ra oje tútù lọ́wọ́ Awawou, ó lọ yan án gbẹ lórí iná.

Lọ́jọ́ kẹta ó padà wá, ojú rẹ̀ wálẹ̀. Oje ti dúdú bí àdí, èyí tó fi bo oògùn ti sán wẹ́wẹ́, ọmọ àkọ́kọ́ tó tọ́ ọ wò sì tu ú sí i láṣọ.

"Ẹ kánjú jù," ni Awawou wí. "Iná ti jẹ agbára rẹ̀. Bí ẹ bá sì sá a sójú oòrùn gan-an, ojú rẹ̀ á gbẹ, inú á ṣì tutù, yóò bu. Ibòji àti atẹ́gùn ló ń gbẹ ẹ́ dáadáa. Ọjọ́ márùn-ún."

"Ṣé mo lè máa wá wò ó lójoojúmọ́?"

"Oje kì í sá lọ, Dókítà."

"Kì í ṣe oje nìkan ni mo fẹ́ wá wò."

Ó ń wá lóòótọ́. Wọ́n fi aṣọ sẹ́ oje náà, wọ́n tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó sì gbẹ, ó mọ́ gaara bí oyin. Wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n fi bo kínínì ní hóró wẹ́wẹ́ bí ọkà bàbà. Ọmọ tó kọ́kọ́ gbé e mì kò tilẹ̀ yínmú. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí, Dieudonné ti ń pe Awawou ní Awa mi.

Alassane, bàbá Awawou, kò gbà kí wọ́n fẹ́ra. Ó ní ẹyẹ ìjọba ni, ibi tí wọ́n bá ní kó bà ló ń bà. Onígbàgbọ́ sì tún ni, bẹ́ẹ̀ Mùsùlùmí ni àwọn. Àfi bí ẹni pé àwọn aláṣẹ ní Kùtọnu gbọ́ ọ, ìwé dé: kí Dieudonné máa lọ sí Kandi, lókè àríwá, kí oṣù tó parí.

Awawou kò sunkún. Ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ọmọ Kétu ni yín. Iṣẹ́ ojú irin ló gbé yín dé ìhín. Wọ́n ní kí ẹ padà sílé, ẹ kò padà, nítorí Màmá. Ẹ jẹ́ kí n lọ bí ẹ ti wá."

Nínú àgbàlá, ìyá rẹ̀ dáwọ́ iyán gígún dúró. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Alassane fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ìwòsàn, ó bi Dieudonné bóyá yóò jẹ́ kí ọmọ òun máa kírun. Dieudonné ní òun fúnra òun ni yóò máa tẹ́ ẹní fún un. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àlùfáà ṣàdúà fún wọn níwájú ìbátan díẹ̀, iṣu àti oyin.

Ohun tí Awawou kò gbàgbé, títí tó fi di ìyá àgbà, ni òwúrọ̀ tí wọ́n lọ. Láti ọjọ́ tí Alassane ti mọ ọkùnrin náà, "ẹ" ló fi ń bá a sọ̀rọ̀, ọ̀wọ̀ tó ga bí odi. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin fọn fèrè, ó gbé àpótí ọmọ rẹ̀ wọlé, ó gbé e kalẹ̀, ó yíjú sí Dieudonné.

"Ṣé o ti jẹun?" ló wí. "Ọ̀nà jìn, ọmọ mi."