Ẹni Tí Yusrah Pè Jẹun

Ẹni tó bá fẹ́ pè é ní àlọ́, kó máa pè é. Ṣùgbọ́n Yusrah tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà láàyè, Peckham ní London níbí náà ló wà, ó ń wọ bọ́ọ̀sì bí gbogbo wa. Bí ẹ bá bi í, kò ní sọ. Kì í jẹun lójú ènìyàn mọ́. Ìyẹn nìkan lẹ máa rí.

Ìrìn àjò ló fà á. Yusrah ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìdánwò tán ní yunifásítì. Òun àti Tọ́lá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé ìwé girama, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ní Walworth, ní àwọn fẹ́ yí ilẹ̀ Yúróòpù ká kí ẹ̀ẹ̀rùn tó tán. Owó kò sí lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Bọ́ọ̀sì ọ̀nà jíjìn ni wọ́n máa wọ̀, ilé àlejò olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n máa sùn, oúnjẹ ilé ni wọ́n sì máa gbé dání.

Alhaja Mìsítúrà, ìyá Yusrah, ló di oúnjẹ náà: gàrí, ata díndín nínú ìgò ńlá, ẹja gbígbẹ. Alhaja ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú kan lọ́nà Lewisham. Bí ọmọ bá ti jáde, òun nìkan ló kù nínú fláàtì. Ó sì ní àtọ̀gbẹ. Bó bá ti gún abẹ́rẹ́ rẹ̀, oúnjẹ gbọ́dọ̀ wọnú rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣúgà ara rẹ̀ á wálẹ̀ jù, á dákú, àfi kí wọ́n tètè fún un ní ohun dídùn. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, lórí ilẹ̀ ilé ìdáná, ó sì ṣojú Yusrah. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rù kan ṣoṣo ló ń ba ọmọ yìí: kí ìyá òun lọ gún abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ kan, kí oúnjẹ má dúró nínú rẹ̀, kí òun má sì sí nílé.

Alhaja ní ìwà kan tí kò lè fi sílẹ̀. Kò lè jẹun kí ẹlòmíràn máa wò ó, kó má pè é. Ẹni tó wá ka mítà iná, "Ẹ wá jẹun." Òyìnbó tó wá tún ẹ̀rọ amúlégbóná ṣe, "Ẹ wá jẹun." Kò sí ẹni tó ń jókòó nínú wọn. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá á dáhùn pé, "Á gba ibi ire." Ẹni tí kò gbọ́ á rẹ́rìn-ín, á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí lásán ni.

"Ẹ má jẹun lójú ènìyàn láìpè é o," ni ó wí fún wọn lẹ́nu ọ̀nà.

"Yes, Mummy."

"Mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀, Yusrah."

"Mo ti gbọ́, mà."

Ìlú kékeré kan ní Slovenia lọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, nínú ilé àlejò kan nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin. Òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀. Ọ̀sán ni, síbẹ̀ ilé ìdáná ilé àlejò náà ṣókùnkùn. Àwọn méjèèjì nìkan ló wà níbẹ̀. Wọ́n gbé omi kaná, wọ́n tẹ̀bà, wọ́n bu ata díndín sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ebi ń pa wọ́n, inú wọn sì dùn.

Yusrah gbójú sókè. Obìnrin arúgbó kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Òyìnbó ni. Ó wọ kóòtù dúdú àti sílípáàsì inú ilé. Omi ń kán létí kóòtù rẹ̀. Kò kí wọn. Ọwọ́ wọn nínú abọ́ ló ń wò.

"Ẹ wá bá wa jẹun, Mà," ni Yusrah wí. Ohùn ìyá rẹ̀ gan-an ló fi sín in jẹ.

Tọ́lá bú sẹ́rìn-ín. "Stop it, jàre. Kò gbọ́."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Obìnrin náà wọlé. Ó lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó ṣí i. Ó fọ ọwọ́ méjèèjì, ó pẹ́ nídìí ẹ̀. Ó fa àga, ó jókòó sáàárín wọn. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún bu òkèlè, ó yí i, ó fi àtàǹpàkò tẹ àárín rẹ̀, ó fi kó ata, ó gbé e mì. Kò rún un. Ó gbé e mì ni, bí a ṣe ń gbé e mì nílé. Kò ta ata sí aṣọ. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀rín ti kú lẹ́nu Tọ́lá. Ìró ọ̀fun arúgbó náà nìkan ni wọ́n ń gbọ́, àti òjò.

Ó jẹun tán, ó dìde, ó jáde. Kò dúpẹ́.

"Yusrah," ni Tọ́lá wí jẹ́jẹ́. "Ṣé ìwọ náà jẹun?"

"Mo jẹ. A jọ jẹ ẹ́ ni."

"Èmi náà jẹ. But ebi ṣì ń pa mí. It's like mi ò fẹnu kan nǹkan kan."

Yusrah fọwọ́ kan ikùn ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni tirẹ̀. Wọ́n lọ bi ọkùnrin tó ń gba àlejò nípa obìnrin náà. Ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì nìkan lẹ wà nínú ilé yìí lónìí."

Ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Ní Milan, ọmọbìnrin tó ń gba àlejò kó aṣọ ìbùsùn mẹ́ta lé tábìlì. Tọ́lá ní méjì ni àwọn. Ọmọbìnrin náà wo ẹ̀yìn wọn, ó tún wo ojú wọn. Kò gba ẹ̀kẹta padà. Nínú bọ́ọ̀sì, òórùn kóòtù tó tutù wà ní ìjókòó ẹ̀yìn wọn, bẹ́ẹ̀ oòrùn ń mú janjan níta. Èyí tó burú jù ni ti omi. Bí wọ́n bá ti gbé oúnjẹ kalẹ̀, níbikíbi tó wù kó jẹ́, ẹ̀rọ omi kan á ṣí nítòsí. Omi á dà fún ìgbà díẹ̀. Á dákẹ́. Wọn kì í rí ẹnikẹ́ni mọ́. Ṣùgbọ́n oúnjẹ á tán kíá nínú abọ́, ebi á sì wà níkùn wọn bó ṣe wà.

Síkẹ́ẹ̀tì Tọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ nídìí rẹ̀. Ó ń ka sáàmù. Ó ń fi omi tó gbàdúrà sí nu abọ́. Bísímílà kì í kúrò lẹ́nu Yusrah náà.

"Ìwọ lo pè é," ni Tọ́lá wí lọ́jọ́ kan.

"Wallahi, joke ni mo fi ṣe."

"Òun ò fi ṣe joke, Yusrah. Òun wá jẹun."

Ní Lyon, wọ́n pinnu. Bí oúnjẹ ilé ló ń jẹ, kí oúnjẹ ilé má sí mọ́. Yusrah tú báàgì rẹ̀ nídìí agolo ìdọ̀tí kan. Ó da gàrí tó kù nù, àti ata, àti ẹja, àti súítì tí ìyá rẹ̀ fi sábẹ́ aṣọ. Ó dùn ún dé ọkàn. Ọmọ tí Alhaja Mìsítúrà tọ́, ó ń da gàrí nù! Lẹ́yìn náà wọ́n ra búrẹ́dì, wọ́n jẹ ẹ́ lórí ìrìn. Ẹ̀rọ omi kankan kò ṣí. Wọ́n yó.

"Ó ti lọ," ni Tọ́lá wí. Ó sunkún díẹ̀.

Yusrah kò bi í léèrè ibi tó lọ. Ó yẹ kó bi í.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Wọ́n dé ibùdókọ̀ Victoria lọ́sàn-án, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì 36. Tọ́lá sọ̀ ní Camberwell. Ó dì mọ́ Yusrah, ó ní, "Text me tó o bá délé." Bọ́ọ̀sì ń wọ́ lọ. Ara Yusrah kò balẹ̀. Ó bọ́ sí ìjókòó iwájú, ó tún padà sẹ́yìn. Ó ń gbóòórùn bóyá nǹkan kan tutù nítòsí. Kò sí. Ọkàn rẹ̀ kò tìtorí ìyẹn sinmi.

Fóònù rẹ̀ dún. Ohùn ìyá rẹ̀ ni, èyí tó ká sílẹ̀ ránṣẹ́ sí i.

"Yusrah, ṣé ẹ ti wọ London? Mo ti gún abẹ́rẹ́ mi, mo ti gbé oúnjẹ kalẹ̀. Má wulẹ̀ dúró ra chicken and chips kankan o."

Lẹ́yìn ohùn náà, ẹ̀rọ omi ṣí.

Omi ń dà. Ó pẹ́ kó tó dákẹ́. Alhaja tún sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe sínú fóònù. Ohùn rẹ̀ jìnnà díẹ̀, ó rọ̀, ó kún fún ọ̀yàyà.

"Ẹ wá jókòó, Mà. Ẹ wá jẹun."

Yusrah pè é. Kò gbé e. Ó tún pè é. Ó sọ̀ kalẹ̀ níbi tí bọ́ọ̀sì ti há, ó fi Peckham High Street sáré, báàgì ń gbá a lẹ́yìn. Ó fẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí díẹ̀. Ní ẹnu ọ̀nà, níbi tí gbogbo àlejò Alhaja ń bọ́ bàtà sí, sílípáàsì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà iṣẹ́ ìyá rẹ̀. Wọ́n tò ó dáadáa. Ó tutù.

Alhaja wà lórí àga ní pálọ̀. Abọ́ iwájú rẹ̀ mọ́ tónítóní. Abọ́ kejì wà ní ọ̀kánkán, òun náà mọ́. Òógùn bo iwájú orí Alhaja. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Mummy! Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mo jẹ ẹ̀bà ńlá. Ebi ṣì ń pa mí, ọmọ yìí. Kò ṣe mí bẹ́ẹ̀ rí."

"Ta lẹ bá jẹun?"

"Ìyá arúgbó tẹ́ ẹ jọ rin ìrìn àjò. Wọ́n ti ṣáájú ẹ dé. Yorùbá wọn já gaara, ó yà mí lẹ́nu."

"Mummy, ẹ ní kí wọ́n máa lọ. Ẹ jọ̀ọ́, mà."

Ojú Alhaja ti ń ṣú. Síbẹ̀ ó bínú. "Èwo ni ká lé àlejò nídìí oúnjẹ? Wọ́n ní ìwọ lo pe àwọn."

Yusrah tú báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó ń wá súítì. Aṣọ nìkan ló jáde. Ó ti da gbogbo rẹ̀ nù ní Lyon. Júùsì wà nínú fíríìjì. Fíríìjì wà nínú ilé ìdáná. Nínú ilé ìdáná, lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó padé, ẹ̀rọ omi ṣí.

Yusrah dìde. Ó forí lé ilé ìdáná. Ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. Ó tutù, omi sì wà lára rẹ̀.

Ẹ̀rọ omi dákẹ́.

"Bó o bá ti débẹ̀," ni ìyá rẹ̀ wí lẹ́yìn rẹ̀, ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde, "bu díẹ̀ sí i fún wa."