Àrùn Tó Wọ Àgbàlá Awawou

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Awawou da àgbàdo sílẹ̀ fún àwọn adìyẹ rẹ̀ ní Ṣábẹ. Wọ́n ń ti ara wọn ṣubú bí ìṣe wọn. Ṣùgbọ́n mẹ́ta dúró sí kọ̀rọ̀, wọ́n wú ìyẹ́, wọn ò tilẹ̀ wo àgbàdo. Ìgbẹ́ wọn dà bí omi ewé.

Láti ìgbà tí iná ọyẹ́ ti jó oko igi kajú ọkọ rẹ̀, àádọ́ta adìyẹ yìí ni ilé náà fi ń jẹun.

Géraldine, aládùúgbò rẹ̀, sáré wọlé. "Ìyá Nafissatou, ẹ tètè pa wọ́n kí wọ́n tó di òkúǹbete!"

Awawou kì í jẹ ohun tó kú fúnra rẹ̀, ló bá ní kí wọ́n dúńbú wọn. Wọ́n tu ìyẹ́ wọn nínú àgbàlá, wọ́n da omi ẹ̀jẹ̀ àti ìfun sílẹ̀. Àwọn adìyẹ yòókù rọ́ bò ó, wọ́n ń ṣà á jẹ. Inú Awawou tiẹ̀ dùn pé nǹkan ò ṣòfò. Áà, obìnrin yìí ì bá mọ ohun tó fi ń bọ́ wọn!

Ní ọjọ́rú, mẹ́fà kú. Ní ọjọ́bọ̀, mẹ́rin tún kú. Géraldine mú oògùn oníhóró tí ọkọ rẹ̀ lò kù nígbà tó fẹsẹ̀ pa wá.

"Ẹ tú u sínú omi wọn."

"Màmá, ẹ dúró!" Nafissatou, ọmọ Awawou, ti mú fóònù. "Ẹ jẹ́ kí n pe dókítà ẹran."

Dókítà Florent dé. Ó fi ìbọ̀wọ́ sọ́wọ́, ó yẹ òkú adìyẹ kan wò, ó sì mú díẹ̀ lára rẹ̀ fún àyẹ̀wò.

"Ṣé ẹ mú adìyẹ tuntun wọlé lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí?"

"Rárá o."

"Agò ńkọ́?"

Awawou wo Géraldine. Géraldine wo ilẹ̀. Òun ló yá agò Awawou láti fi kó adìyẹ bọ̀ láti ọjà Okpara, ó sì dá a padà tìgbẹ́ tìgbẹ́. Ládùúgbò wa, agò a máa yí ilé ká, kò sì sẹ́ni tó ń fọ̀ ọ́.

Géraldine ní, "Ta ló ń fọ agò, dókítà?"

"Ẹni tó bá fẹ́ràn adìyẹ rẹ̀ ni." Florent rẹ́rìn-ín. "Kòkòrò àrùn ni. Ojú kò lè rí i, ṣùgbọ́n ó wà nínú ìgbẹ́, ẹ̀jẹ̀, ìfun, omi mímu, àti lábẹ́ bàtà wa pàápàá."

Awawou bi í pé, "Ṣé gbogbo wọn ni yóò kú?"

"Ó ní oògùn, ìyá mi. Oògùn tiwọn, ní ìwọ̀n tiwọn. Èyí tí Géraldine mú wá yìí, tí a bá ń lò ó báyìí, ńṣe ni kòkòrò á mọ́ ọn lára, oògùn ò sì ní lè pa á mọ́."

Wọ́n ya àwọn aláìsàn sọ́tọ̀, wọ́n ri òkú mọ́lẹ̀ jìnnà sí kànga, wọ́n gbá àgbàlá, wọ́n sì sun agò náà. Èsì àyẹ̀wò fi hàn pé òótọ́ ni Florent sọ. Awawou fún àwọn adìyẹ ní oògùn tí Florent fún un, títí ọjọ́ tó dá fi pé.

Láti ọjọ́ tí Florent ti dé, ọ̀kan ò kú mọ́. Awawou ka mẹ́tàdínlógójì, ó tún un kà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Alihamudulilahi! Mèsí, ẹ ṣé o, dókítà!"

Géraldine gbé agò tuntun wá. "Ẹ má yá ẹnikẹ́ni o. Títí kan èmi."

Ẹ̀yin ará Ṣábẹ, Ofè àti Okpara, ẹ fọ agò àti bàtà kí ẹ tó wọ ilé adìyẹ. Adìyẹ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ má pa adìyẹ tó ń ṣàìsàn jẹ, ẹ má sì tà á. Ẹ má fún adìyẹ ní oògùn èèyàn. Bí ẹ bá ń lo oògùn tiwọn, ẹ bi dókítà léèrè ọjọ́ tí ẹ lè padà máa jẹ ẹyin àti ẹran wọn.

Bí ọ̀kan bá wú ìyẹ́, ẹ pe dókítà ẹran lọ́jọ́ náà gan-an. Ọjọ́ mẹ́rin tí Awawou fi dúró gba adìyẹ mẹ́tàlá lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má dúró.