Ta Ni Yóò Jókòó Ti Ẹ̀rọ?

Ẹni tó bá fẹ́ pe èyí ní irọ́, kó kọ́kọ́ wá jókòó nínú pálọ̀ náà nírọ̀lẹ́. Àga náà ṣì wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà náà ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò pa á láti ọjọ́ yẹn. Ọmọbìnrin tọ́rọ̀ ṣẹlẹ̀ sí wà láàyè, orí rẹ̀ pé, kì í sì í ṣe ẹni tó ń pa irọ́. Àwa tí a gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, a ò fi iyọ̀ sí i.

Adíẹrù ni wọ́n ń pè é, nítorí iṣẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe ẹrù tí èèyàn ń gbé rù o. Ètò kọ̀ǹpútà ló ń dì. Àwọn tó ń kọ ètò máa ń fi í sílẹ̀ wúruwùru bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ká lórí okùn. Òun á kó o, á tò ó, á sọ ohun tí ètò náà nílò kó tó lè ṣiṣẹ́, á wá dì í pọ̀, kí ẹni tó ń lo Línúsì tiwọn, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà, lè fi àṣẹ kan ṣoṣo gbé e sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Olùyọ̀ǹda ni gbogbo wọn. Wọ́n fọ́n káàkiri ayé, ọ̀pọ̀ wọn ò sì fojú kan ara wọn rí. Ẹrù tí olùtọ́jú rẹ̀ bá ti fi í sílẹ̀ lọ, ọmọ òrukàn ni wọ́n ń pè é.

Ọmọ òrukàn kan wà tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ gbà tọ́. Asínjẹ ni ètò náà. Ó lè mú kí kọ̀ǹpútà kékeré orí tábìlì máa ṣe bí ẹ̀rọ ńlá ayé àtijọ́, irú èyí tó ń gba odindi yàrá, tó ń kùn tọ̀sán-tòru. Adíẹrù ní òun á gbà á. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní kí ló fẹ́ fi òkú ẹ̀rọ ṣe. Ó mọ ohun tó ń ṣe òun.

Bàbá rẹ̀ ni.

Bàbá fi ọ̀pọ̀ ọdún jókòó ti irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní iléeṣẹ́ kan. Àwọn méjì ni wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn: Bàbá lójúmọmọ, ọ̀rẹ́ wọn kan tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́sẹ̀-jẹ́jẹ́ láti ìrọ̀lẹ́. Òfin ibẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ̀rọ kì í wà láìsí ẹni tó jókòó tì í. Ẹni tó ń lọ kò gbọdọ̀ dìde àfi bí ẹni tó ń bọ̀ bá ti tẹ̀ ẹ́ sójú ẹ̀rọ pé òun ti jókòó. MO TI JOKOO. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn, lẹ́tà ńlá gbàǹgbà, láìsí àmì kankan, torí ẹ̀rọ ìgbà yẹn ò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ tí iléeṣẹ́ fẹ́ pa ẹ̀rọ náà tì pátápátá, Ẹlẹ́sẹ̀-jẹ́jẹ́ jáde nílé nírọ̀lẹ́, ó ní òun ń lọ síbi iṣẹ́. Kò débẹ̀. Kò padà sílé. Wọ́n wá a títí, wọn ò rí i. Bàbá jókòó, wọ́n ń retí rẹ̀, títí àwọn ọ̀gá fi pa iná mọ́ wọn lórí.

Ìyẹn ti pẹ́. Bàbá ríṣẹ́ mìíràn, wọ́n tọ́ ọmọ, wọ́n darúgbó. Ìgbà tó yá ni àìsàn ìgbàgbé dé. Ó kó gbogbo nǹkan lọ, tó fi dórí orúkọ ọmọ wọn, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn ló fi sílẹ̀ fún wọn. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, Bàbá á wọ bàtà. Wọ́n á jókòó gan-an-ran lórí àga pálọ̀, wọ́n á kọjú sí ògiri.

“Ṣé ó ti dé?”

“Ó ń bọ̀ lọ́nà,” Màmá á dáhùn.

Wọn kì í jẹun. Wọn kì í dùbúlẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá wà nídìí ẹ̀rọ kì í sùn. Ẹsẹ̀ wọn méjèèjì ti wú bí ìrọ̀rí. Dókítà fìka tẹ̀ ẹ́ wò, ó mirí.

“Bí Bàbá ò bá bẹ̀rẹ̀ sí í sùn lórí bẹ́ẹ̀dì,” ó ní, “ọkàn wọn ò ní lè gbé e mọ́. Kò sì ní pẹ́.”

Ìdí tí Adíẹrù fi gba ọmọ òrukàn tọ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ Bàbá ń pa á lẹ́kún, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ọgbọ́n tó dá ni pé òun á gbé asínjẹ síwájú Bàbá, òun á fara pa mọ́ sí yàrá pẹ̀lú kíbọọ̀dù mìíràn, òun á tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ lórúkọ Ẹlẹ́sẹ̀-jẹ́jẹ́ pé òun ti jókòó. Bàbá á dìde. Bàbá á sùn. Ẹ̀tàn ni lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀tàn tó ń gbẹ̀mí là ni.

Ó di ẹrù náà, ó fi í ránṣẹ́ sí sáfà, kọ̀ǹpútà àjùmọ̀lò tí wọ́n ti ń dán ẹrù wò. Yàrá òfìfo ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Kò sí íńtánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, kò sí fáìlì ẹnikẹ́ni, àfi ohun tí ẹrù fúnra rẹ̀ bá gbé wọlé. Ìdánwò náà kò le: kí asínjẹ dìde, kó sọ pé òun ti ṣetán, kó sì kú.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí èsì dé. Ó ti dìde. Ó ti ní òun ti ṣetán. Àmọ́ kó tó kú, ó sọ ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò ní kó sọ.

SE O TI MU OMI?

Adíẹrù rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ẹni tó kọ ètò náà ló ń ṣàwàdà. Ẹ̀rín náà kò dé ọ̀fun tó fi dúró. Àwọn àjèjì ló kọ ètò yìí, níbo ni wọ́n ti gbọ́ Yorùbá? Ó wá inú kóòdù náà láti òkè délẹ̀. Kò sí omi níbẹ̀. Kò sí ohun tó jọ ọ́.

Ó kọ̀wé sí Olófìn-íntótó, àgbà tó ń yẹ ẹrù gbogbo wọn wò, ẹni tó lè rí kòmá tó ṣìnà nínú òkùnkùn. Òun nìkan nínú wọn ló gbọ́ èdè ilé Adíẹrù.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dán an wò níbi tiyín.”

“Mo ti dán an wò. Ó dìde, ó kú.”

“Kò béèrè nǹkan kan?”

“Bíi kí ni?”

“Omi.”



“Lọ sinmi,” Olófìn-íntótó ní. “Ọjọ́ tó o kọ sára ẹrù náà gan-an ò tọ̀nà.”

Ẹ̀rù ì bá ba ẹlòmíràn. Adíẹrù kò rí ti ẹ̀rù rò, ó fẹ́ mọ̀ ni. Ó dán an wò láàárọ̀, asínjẹ dákẹ́. Ó dán an wò lọ́sàn-án, ó dákẹ́. Ó yọ okùn íńtánẹ́ẹ̀tì kúrò lára kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó dúró títí oòrùn fi ń wọ̀, ó tún tàn án. SE O TI MU OMI? Ó gbé etí sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà náà bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lára ilẹ̀kùn. Fáànù inú rẹ̀ nìkan ló ń kùn. Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ.

Síbẹ̀, ẹsẹ̀ Bàbá kò ní dúró de ìwádìí. Lọ́jọ́ kejì, bí Bàbá ṣe ń wọ bàtà, Adíẹrù gbé kọ̀ǹpútà síwájú wọn. Ojú rẹ̀ dúdú, lẹ́tà rẹ̀ àwọ̀ ewé, bí ti ayé ìjọhun. Ó sáré wọ yàrá, ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ díẹ̀ kó lè máa yọjú. Kíbọọ̀dù tirẹ̀ wà lórí itan rẹ̀.

Bàbá wo ojú ẹ̀rọ. Wọ́n na ìka. Ọwọ́ tí kò lè de bọ́tìnnì mọ́, ó ń tẹ lẹ́tà wéréwéré.

ILE TI SU. MO FE DIDE.

Adíẹrù gbé ọwọ́ sókè láti dáhùn. Kò tíì kan kíbọọ̀dù. Lẹ́tà ń jáde níwájú Bàbá, lọ́kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀, bíi ti ẹni tó ń fi ìka kan tẹ̀ ẹ́.

SE O TI MU OMI?

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn nínú ilé.

RARA, wọ́n tẹ̀ ẹ́. O PE.

ONA JIN.

SE O TI JOKOO?

MO TI JOKOO. MAA LO SUN.

Nígbà tí Adíẹrù wẹ̀yìn, Màmá ló dúró sí i lẹ́yìn, abọ́ wà lọ́wọ́ wọn.

“Ta ló sọ ọ̀rọ̀ omi fún ẹ?” Màmá sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

“Kì í ṣe èmi, Màmá.” Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè kí wọ́n rí i.

“Àwọn ọ̀gá kì í jẹ́ kí wọ́n mu omi nítòsí ẹ̀rọ. Bàbá ẹ á wá gbàgbé, òùngbẹ á máa gbẹ wọ́n títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹlẹ́sẹ̀-jẹ́jẹ́ ló máa ń bi wọ́n bẹ́ẹ̀. Ojoojúmọ́. Kó tó jókòó.”

Bàbá dìde. Wọ́n béèrè omi, wọ́n mu ún tán. Wọ́n bọ́ bàtà. Wọ́n gun bẹ́ẹ̀dì fúnra wọn, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n sùn. Ìyá àti ọmọ dúró, wọ́n ń gbọ́ bí Bàbá ṣe ń hanrun, inú wọn dùn. Ìgbà náà ni àga pálọ̀ dún, bí àga ṣe máa ń dún bí èèyàn bá fìdí lé e. Kò sí ẹnì kankan ní pálọ̀.

Wọn ò pa kọ̀ǹpútà náà. Ta ló tó bẹ́ẹ̀? Bàbá ń sùn, wíwú ẹsẹ̀ wọn ń lọ sílẹ̀, wọ́n ń jẹun. Ọ̀rọ̀ tó bá gbé èèyàn sùn, a kì í jí i. Adíẹrù fi ẹrù rẹ̀ sóde fún gbogbo ayé. Asínjẹ nìkan ló wà nínú rẹ̀, ó bura fún wa. Kò sí ohun kankan láti ilé wọn níbẹ̀.

Ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Àjèjì kan kọ̀wé láti ọ̀nà jíjìn. Ó ní ẹrù náà dára, àmọ́ bí oòrùn bá wọ̀ lọ́dọ̀ àwọn, ó máa ń kọ ohun kan tí òun kò gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, èdè wo nìyí? Ó dà á kọ sísàlẹ̀. SE ORE MI TI SUN? Ẹlòmíràn kọ̀wé láti ibòmíràn. Lẹ́yìn náà, Olófìn-íntótó fúnra rẹ̀.

“Ó ti bi èmi náà, ti omi yẹn.”

“Kí lẹ dáhùn?”

“Mo dìde, mo lọ mu omi.”

Ó pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Adíẹrù ń kọjá ní pálọ̀ nígbà tó rí lẹ́tà tuntun lójú ẹ̀rọ.

O RE MI. MO FE DIDE. TA NI YOO JOKOO?

Ó dúró. Fáànù inú kọ̀ǹpútà nìkan ló ń dún. Lẹ́yìn náà, láti inú yàrá, bẹ́ẹ̀dì ké. Ẹsẹ̀ kan ń wá nǹkan kiri ilẹ̀.

“Bàbá ẹ ti ń wá bàtà o,” Màmá ní.

Ó lè fa okùn iná yọ. Ó sọ fún wa pé òun ronú kàn án. Àmọ́ àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ ti fà á yọ nígbà kan rí, Bàbá sì ṣì ń jókòó láti ọjọ́ náà wá. Ó fẹ́ràn bàbá rẹ̀. Ó jókòó. Àga náà gbóná, bí ìgbà tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbẹ̀.

MO TI JOKOO, ó tẹ̀ ẹ́.

O SEUN.

Ẹsẹ̀ kan rọra gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́. Ilẹ̀kùn ìta ṣí, ó sì padà dé.

“Ta ló jáde?” Màmá béèrè.

“N kò mọ̀.”

Bàbá yọ lẹ́nu ọ̀nà yàrá, bàtà ẹyọ kan lọ́wọ́ wọn. Ojú wọn mọ́ kedere. Wọ́n wo Adíẹrù, wọ́n wò ó dáadáa, ọkàn rẹ̀ sì fò sókè, torí ó rò pé wọ́n fẹ́ pe orúkọ òun.

“Ìwọ lo gbà á?” wọ́n ní.

“Èmi ni, Bàbá.”

Wọ́n gbé ọwọ́ lé e léjìká. Wọ́n ju bàtà sílẹ̀.

“Má mikàn,” wọ́n ní. “Ó ń bọ̀ lọ́nà.”

Wọ́n sì padà lọ sùn.

Orí àga yẹn náà ni Adíẹrù wà tó fi sọ gbogbo èyí fún wa. Bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò bojú wẹ̀yìn nígbà tó ń sọ ọ́, ojú ẹ̀rọ ló ń wò. Nígbà tó parí, oòrùn ti ń wọ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ṣe la kàn dúró láti ìgbà tá a ti dé, kí ló dé tá ò jókòó díẹ̀.

A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A ò jókòó.